Lima dé San Pedro de Atacama lójú títì: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀, ibo la ń sùn sí?

Àbẹ̀kẹ́_SE15

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Àwa méjì la fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ká wọ bọ́ọ̀sì láti Bolivia dé Peru, ìparí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà. Òru 32 la ní. Ètò wa ni pé ká fò wọ La Paz láti London torí ibẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì ti dínwó jù, ká wọ bọ́ọ̀sì lọ Uyuni, ìlú ẹ̀bá aṣálẹ̀ iyọ̀, lọ́jọ́ kejì, ká padà gba adágún Titicaca kọjá sí Cusco, ká parí rẹ̀ sí Lima. AA ni mí, AS ni ẹnìkejì mi. Páásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó ni tèmi, ti Nàìjíríà ni tirẹ̀. Kí lẹ rí tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀?

Baba_Olúmọ

Ẹ kú ètò o. Ohun kan péré ló kù díẹ̀ káàtó, òun náà ló sì máa ba gbogbo yòókù jẹ́: ẹ fi ìdí ìrìn náà ṣe orí. El Alto ni pápá ọkọ̀ òfurufú La Paz wà, ó sì fi ohun tó lé ní 4,000 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ẹni tó bá ti London fò débẹ̀ tààrà, orí fífọ́ àti èébì ló sábà máa ń kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ẹ tún wá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì òru lọ Uyuni lọ́jọ́ kejì, ìlú kékeré tí kò ní ilé ìwòsàn ńlá. Owó tí ẹ bá jèrè lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó fi san yàrá tí ẹ ó dùbúlẹ̀ sí ni.

Ẹ yí i padà. Lima ni kí ẹ bọ́ sí, etí òkun ni. Ibi tí èèyàn ń sùn ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ibi tó gùn dé lọ́sàn-án. Tí ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibùsùn tòní má ṣe fi ju 500 mítà ga ju tàná lọ, kí ẹ sì sun òru kan kún un lójú kan náà fún gbogbo 1,000 mítà tí ẹ bá ti gùn.

Bí mo ṣe máa pín in rèé. Lima, òru 2. Bọ́ọ̀sì òru lọ Arequipa, ó tó bíi 1,000 kìlómítà, wákàtí 15 sí 17. Arequipa wà ní 2,335 mítà, òru 4 níbẹ̀. Ibẹ̀ lara ti ń kọ́ òkè, ẹ má gé e kúrú nítorí pé ẹ̀ ń kánjú àtirí Machu Picchu, ìlú òkúta àtijọ́ àwọn Inca. Bọ́ọ̀sì òru lọ Cusco. Cusco wà ní 3,399, ìyẹn á ti ju 1,000 mítà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí náà ẹ má sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Ẹ gba òpópónà Pavitos lọ, ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní colectivo ti ń kó èrò lọ Ollantaytambo (2,792 mítà). Wọn kì í gbéra títí ọkọ̀ á fi kún, bíi dánfó, ó sì tó wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Òru 3 níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ ojú irin Machu Picchu ti ń gbéra, 2,430 mítà péré sì ni Machu Picchu fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó padà wá sun òru 5 ní Cusco.

Puno, òru 2. Copacabana àti Isla del Sol, erékùṣù inú adágún Titicaca lápá Bolivia, 3. La Paz, 4. Bọ́ọ̀sì òru lọ Uyuni, òru 1 níbẹ̀, òru 2 láàárín aginjù, òru 3 ní San Pedro de Atacama lọ́hùn-ún ní Chile (2,400 mítà). Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú òru mẹ́ta inú bọ́ọ̀sì, 32 ló máa jẹ́. Méjì nínú márùn-ún ti Cusco jẹ́ ti ìdádúró, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìgbádùn kó tó di pé ẹ rí bí ọ̀nà ṣe rí. Láti San Pedro sí pápá ọkọ̀ òfurufú Calama kò ju bíi 100 kìlómítà lọ, ẹ sì lè fò láti ibẹ̀ lọ Santiago.

Tíkẹ́ẹ̀tì Machu Picchu ti oṣù kẹfà, ẹ tètè rà á kí ẹ tó kúrò nílé, torí ó máa ń tán. Nọ́mbà páásípọ́ọ̀tù máa ń wà lára rẹ̀, páásípọ́ọ̀tù tí ẹ fi rà á náà sì ni kí ẹ mú lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì_Ìlá

Baba ti sọ ti ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn òyìnbó kọ lórí òkè Andes kì í dá ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù sí, torí kì í ṣe ìṣòro wọn. Ìṣòro tiwa ni.

SS àti SC: ẹ má lọ. Kò sí oògùn tàbí ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó máa sọ ọ́ di ohun tó dára. Ọ́síjìn tó fúyẹ́ lókè máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn tẹ̀ bíi dòjé, kó sì dí òpó ẹ̀jẹ̀.

AS yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ AS ló ń gùn lọ gùn bọ̀ láìsí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí wọ́n ti kọ sínú ìwé ìṣègùn tipẹ́: ẹ̀jẹ̀ lè má dé ọlọ inú mọ́, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, kí apá kan rẹ̀ sì kú. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ rí pé AS ni òun, torí kò ṣe é ní nǹkan kan láti kékeré. Àmì rẹ̀ ni ìrora tó mú ṣáṣá lábẹ́ ìhà òsì, nígbà mìíràn á gòkè dé èjìká òsì, pẹ̀lú èébì tàbí ibà. Èèyàn máa rò pé oúnjẹ ni tàbí pé báàgì ló fún òun. Òùngbẹ àti iṣẹ́ agbára ló máa ń fà á yá. Nítorí náà, kí ẹnìkejì yín lọ rí oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó san owó kankan, kó máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, kó má bá ẹnikẹ́ni sáré gun òkè, kó sì yẹra fún ọtí lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ibi tuntun. Tí ìrora yẹn bá dé: dúró, ọ́síjìn, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ilé ìwòsàn. Kó kọ ọ́ sórí ìwé, kó fi sínú páásípọ́ọ̀tù: *rasgo falciforme (hemoglobina AS)*. Dókítà tó bá rí i kò ní máa wá appendix kiri.

Ní ti àìsàn òkè tí gbogbo èèyàn ń ní, tí wọ́n ń pè ní soroche níbẹ̀: orí fífọ́, àìlèjẹun, àìrí oorun sùn dáadáa. Ìyẹn ò pa èèyàn, àmọ́ ẹ má gòkè sí i títí á fi lọ. Méjì ló ń pani. Àkọ́kọ́, omi inú ẹ̀dọ̀fóró: èèyàn jókòó jẹ́ẹ́, síbẹ̀ ó ń mí gúlegúle, ikọ́ ń yọ, itọ́ lè ní ìfófòó tó pọ́n. Ìkejì, kí ọpọlọ wú: ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara. Ẹ ní kó rìn lórí ìlà kan, kí gìgísẹ̀ ọ̀kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ èkejì. Tí kò bá lè ṣe é, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lóru yẹn.

Diamox, oògùn tó ń dènà àìsàn òkè: miligíráàmù 125 láàárọ̀, 125 lálẹ́, láti ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìgòkè títí di ọjọ́ kejì tí ẹ dé orí ibi tó ga jù. Tí ẹ bá tẹ̀ lé ètò Baba, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò rẹ̀ rárá. Ó ń mú kí èèyàn máa tọ̀ ṣáá, ó ń mú kí ìka máa jó, ọtí ẹlẹ́rìndòdò á sì máa ní adùn irin lẹ́nu. Ẹni tí Septrin tàbí Fansidar bá ti fi ara rẹ̀ sú rí, kó sọ fún dókítà kó tó gbé e mì, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ẹni tó jẹ́ AS náà, kó bi oníṣègùn rẹ̀ léèrè nípa títọ̀ ṣáá yẹn.

Tí ẹ bá ti Nàìjíríà kọjá ní oṣù tó ṣáájú, kí ibà wá mú yín ní Cusco, ẹ tètè sọ fún dókítà pé Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀. Kò sí ibà ẹ̀fọn lórí òkè yẹn, ọkàn wọn kì í tètè lọ síbẹ̀.

Ọmọ_Ìdànrè

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àmọ́ ẹ ti fo Huaraz! Wákàtí mẹ́jọ péré láti Lima, òkè yìnyín tó dára jù ní Peru, Laguna 69, adágún Parón. Ẹni tó bá dé Lima tí kò yà síbẹ̀ ti gba iwájú ilé ọba kọjá láìyọjú wo ààfin.

Nọ́ọ̀sì_Ìlá

Ọmọ_Ìdànrè, a ò sọ pé kò dára. Lima sí Huaraz, láti etí òkun sí nǹkan bíi 3,050 mítà lóru kan ni, Laguna 69 sì wà ní 4,600. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gun ún, nítorí náà lẹ ṣe ń rí èébì lójú ọ̀nà yẹn. Fún AS tí kò tíì gun òkè rí, mi ò ní fi síbẹ̀.

Ọmọ_Ìdànrè

Mo gbà, Mà. Fún ẹni tó bá ń ka èyí tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ AS: òru mẹ́ta ní Huaraz kó tó lọ Laguna 69, kó máa rìn lọ sí àwọn adágún tó rẹlẹ̀ lọ́jọ́ méjì yẹn. Láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún àárọ̀ lọkọ̀ ń gbéra, wákàtí bíi mẹ́ta lójú ọ̀nà. Cebollapampa (3,900 mítà) ni ẹsẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 14. Ìgun méjì ló wà níbẹ̀, ìkejì ló ń pa èèyàn lẹ́kún, torí pé lẹ́yìn pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, nígbà tó o ti rò pé o ti dé.

Tàfá_Bristol

Físà àti ìwé. Páásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó ò nílò físà sí orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti Nàìjíríà nílò rẹ̀ sí gbogbo wọn. Iléeṣẹ́ aṣojú Peru, ti Bolivia àti ti Chile wà ní London, ẹ má lọ tò wọ́n bí ẹ ṣe fẹ́ wọ̀ wọ́n. Chile ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí òun ló máa pinnu ibi tí ìrìn náà parí sí. Tí wọn ò bá fún un ní ti Chile, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta Uyuni tó ń yí po padà sí Uyuni fúnra rẹ̀ wà, ẹ ò ní kọjá sí San Pedro, ẹ ó sì padà gba La Paz. Ẹ ṣírò ọjọ́ tí físà kọ̀ọ̀kan máa kú. Físà tó bá jáde ní oṣù kejì lè ti kú kí ẹ tó dé bọ́dà.

Ìwé àjẹsára ibà apọ́njú, yellow card tí gbogbo wa mọ̀: Bolivia ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti orílẹ̀-èdè tí àrùn náà wà wá, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í sì í kú mọ́ láyé ẹni tó gbà á, látọdún 2016 ni wọ́n ti yí òfin ọlọ́dún mẹ́wàá yẹn padà. Ẹ wo orúkọ orí rẹ̀ dáadáa: kó bá ti páásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ìdáàbòbò ìrìnàjò (insurance): ẹ ka ibi tí wọ́n kọ gíga sí. Ọ̀pọ̀ ń dúró sí 3,000 tàbí 4,000 mítà. Ẹ̀yin máa kọjá 4,800 lójú ọ̀nà Uyuni, torí náà 5,000 ni kí ẹ rà.

Ìyá_Ibùdókọ̀

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì. Peru ní oríṣi ìjókòó méjì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: cama tó ń tẹ̀ sẹ́yìn dáadáa, àti semi-cama tí kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Fún òru, cama, ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ìlà àárín. Ìlà iwájú pátápátá lókè rí ayé dáadáa, àmọ́ ojú ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kan ohunkóhun. Báàgì ńlá lọ sí abẹ́ ọkọ̀, wọ́n á fún yín ní nọ́mbà, ẹ má sọ ọ́ nù. Báàgì kékeré, ẹsẹ̀ tàbí itan ni, kì í ṣe orí àga lókè: ibẹ̀ lolè ti ń mú u nígbà tí èèyàn bá sùn. Ẹ fi okùn rẹ̀ gba ẹsẹ̀ kan kọjá. Ní ibùdókọ̀, wọ́n á gba owó kékeré kan lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé lọ síbi ọkọ̀, ẹ ní sol ẹyọ, owó Peru, lọ́wọ́.

Cusco sí Puno jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 390, wákàtí mẹ́fà sí méje, ẹ máa gba La Raya kọjá ní 4,338 mítà. Ọ̀sán ni kí ẹ rìn ín, kì í ṣe torí olè nìkan, torí ohun tí ojú máa rí náà ni.

Ìdènà ọ̀nà. Bloqueo ni wọ́n ń pè é, òkúta àti táyà lójú títì, ó sì lè gba ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, gbogbo agbègbè Puno dúró pátápátá nígbà rògbòdìyàn, bọ́dà Bolivia lápá ibẹ̀ sì di títì. Ẹ máa bi akọ̀wé ibùdókọ̀ léèrè lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tí bloqueo bá wà, ẹ má ṣe gba ti awakọ̀ tó ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn lóru. Ẹ jókòó, ẹ jẹun. Ọjọ́ méjì tí Baba fi pamọ́ sí Cusco, ohun tó wà fún nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́_SE15

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ò ní rí ibi. A ti yí i sí Lima. Báwo ni ti bọ́dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún ṣe rí? Àti Isla del Sol, ṣé ó tó ẹni í sùn síbẹ̀?

Ìyá_Ibùdókọ̀

Bọ́dà méjì ló wà: Desaguadero àti Kasani. Kasani ni tiyín, kìlómítà bíi mẹ́jọ sí Copacabana. Bọ́ọ̀sì á já yín sílẹ̀ lápá Peru, ẹ gba òǹtẹ̀ ìjáde, ẹ fẹsẹ̀ rìn gba abẹ́ òpó òkúta kọjá sí apá Bolivia, ẹ gba òǹtẹ̀ ìwọlé, bọ́ọ̀sì á dúró dè yín lọ́hùn-ún. Ẹ wo òǹtẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀, ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ. Ẹni tó bá bá èrò ọkọ̀ sáré kọjá láìgba òǹtẹ̀ ìwọlé, ìtanràn ló máa san nígbà tó bá ń jáde kúrò ní Bolivia lọ sí Chile. Bọ́dà ò ṣí lóru, aago Bolivia sì fi wákàtí kan ṣáájú ti Peru: aago mẹ́ta Puno, aago mẹ́rin Copacabana. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ kúrò ní Puno.

Titicaca wà ní 3,812 mítà, Isla del Sol sì ga jù ú lọ. Láti èbúté Yumani, àtẹ̀gùn òkúta tó lé ní 200 ló dojú kọ yín, ojú ẹsẹ̀ lẹ sì máa mọ̀ ọ́n. Ẹ fi báàgì ńlá sílẹ̀ níbi tí ẹ sùn sí ní Copacabana, ẹ gbé tòru kan péré. Ẹ ní owó bébà lọ́wọ́, kò sí ẹ̀rọ ATM lórí erékùṣù. Òru kan tó. Ìjà ààlà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ará Challa àti Challapampa lọ́dún 2017, ọ̀nà tó so gúúsù pọ̀ mọ́ àríwá di títì nígbà yẹn, torí náà ẹ bi àwọn ọlọ́kọ̀ léèrè ní Copacabana lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rìn ín, kẹ́ ẹ má baà dé àárín ọ̀nà kí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà.

Copacabana sí La Paz, bíi wákàtí mẹ́rin. Ní Tiquina, omi gé ọ̀nà. Gbogbo èrò á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi kékeré, bọ́ọ̀sì á gun pẹpẹ onígi lọ lóun nìkan, a sì máa mì lọ mì bọ̀. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù, owó àti fóònù lọ́wọ́. Ẹ wo nọ́mbà bọ́ọ̀sì yín kẹ́ ẹ tó bọ́, torí àwọn mìíràn tó jọ ọ́ pọ̀ lódì kejì.

Aláàárù_Oyìngbò

Kò sẹ́ni tó sọ ti báàgì, bẹ́ẹ̀ òun lẹ máa gbé fún òru 32. Líta 40 sí 50 tó. Ẹrù má ju kílò 10 sí 12 lọ, omi nínú rẹ̀. Lókè yẹn, kílò kan ń di méjì.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e rèé, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi èjìká gbé ohun tó yẹ kí ìbàdí gbé. Ẹ tú gbogbo okùn rẹ̀. Ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ wá egungun ìbàdí, etí òkè rẹ̀ tí ọwọ́ ń bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Àárín bẹ́líìtì ìbàdí ni kó jókòó lé orí etí egungun yẹn, kì í ṣe ikùn. Ẹ fún un. Bẹ́líìtì yẹn ni òṣùká yín, òun ló ń jẹ ẹrù. Nígbà náà ni kẹ́ ẹ tó fa okùn èjìká, kó kan èjìká ṣùgbọ́n kó má tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, okùn kékeré tó wà lókè èjìká, ẹ fà á díẹ̀ kó lè mú orí báàgì súnmọ́ yín. Ti àyà ló kẹ́yìn, má fún un, ẹ̀mí ṣì ní láti wọlé. Tí ìka méjì bá wọ abẹ́ okùn èjìká láìṣe wàhálà, ó ti dáa. Tí ẹrù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun èjìká lẹ́yìn wákàtí kan, bẹ́líìtì ìbàdí ló ti yọ̀ wálẹ̀, ẹ má fa ti èjìká.

Ohun tó wúwo, àárín báàgì, kó fara ti ẹ̀yìn yín. Àpò ìsùn lọ sísàlẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì òjò lókè pátápátá.

Aṣọ: ẹ má gbé òwú lọ. Òwú tó bá mu òógùn kì í gbẹ lókè, òtútù á sì bá a wọlé. Ẹ̀wù àwọ̀ra onípólísítà tàbí irun àgùntàn, fleece lé e, jákẹ́ẹ̀tì tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró lé gbogbo rẹ̀. Ìbọ̀wọ́, fìlà tó bo etí. Òpópónà Illampu ní La Paz ni ṣọ́ọ̀bù ohun èlò òkè pọ̀ sí, tẹ́ ẹ bá gbàgbé nǹkan.

Adúláwọ̀_Dúdúyẹmí

Ẹ má gba ẹni tó bá ní oòrùn kì í pa dúdú. Ní 4,000 mítà lórí iyọ̀ funfun, ó ń pa á láti òkè àti láti ìsàlẹ̀: abẹ́ àgbọ̀n àti inú ihò imú máa ń bó. Ìpara SPF 50, jígí ojú tó bo ẹ̀gbẹ́. Òrí ni fún ètè àti gìgísẹ̀, ó dára ju gbogbo ohun tí wọ́n ń tà nínú tube lọ, àmọ́ á le bí òkúta nínú òtútù. Ẹ fi sínú agolo kékeré, kẹ́ ẹ sì fi sápò ṣòkòtò. Ẹni tó bá dirun, kó dì í kó pẹlẹ́, fìlà ò ní wọlé tó bá wú sókè.

Baba_Olúmọ

Uyuni wá. Ọkọ̀ jíìpù ni, ọjọ́ mẹ́ta, òru méjì. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: èèyàn mélòó nínú ọkọ̀ (mẹ́fà ni, ẹ má gba méje), ṣé bẹ́líìtì ìjókòó pé, táyà ìpààrọ̀ mélòó, ṣé ìgò ọ́síjìn wà, ṣé wọ́n á yá yín ní àpò ìsùn. Ẹ lọ wo ọkọ̀ náà lójú. Ẹni tó bá dínwó jù sábà máa ń dín in lára táyà àti oorun awakọ̀. Tí èémí awakọ̀ bá ń rùn ọtí láàárọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kìíní ni aṣálẹ̀ iyọ̀, ó lé ní 10,000 kìlómítà níbùú lóròó, 3,656 mítà. Oṣù kẹfà gbẹ, nítorí náà ẹ ò ní rí omi tó ń dà bíi dígí; oṣù kejìlá sí ìkẹta nìyẹn. Ọjọ́ kejì ni àwọn adágún, òru rẹ̀ lẹ́bàá Laguna Colorada, 4,278 mítà. Ẹyẹ flamingo ló ń jẹun nínú omi pupa yẹn. Òru yìí ló le jù nínú gbogbo ìrìn náà: òtútù lè dé ìyókùrò 15 sí 20, ilé ò ní ẹ̀rọ amúlé-gbóná. Fóònù, bátìrì kámẹ́rà àti power bank, inú àpò ìsùn ni kí wọ́n sùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á ti kú láàárọ̀. Omi mímu náà, ẹ gbé e wọlé, á dì. Líta márùn-ún fún ẹnìkọ̀ọ̀kan láti Uyuni. Owó ìwọlé igbó ọba Eduardo Avaroa kì í sábà sí nínú iye tí wọ́n bá pè. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tó jẹ́, kẹ́ ẹ mú u lọ́tọ̀.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kẹta, Sol de Mañana, níbi tí ẹrẹ̀ gbígbóná ti ń hó, nǹkan bíi 4,850 mítà. Kò sí ọgbà yí i ká: ẹ má tẹ ilẹ̀ funfun tó rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni omi gbígbóná Polques, Laguna Verde, àti Hito Cajón, bọ́dà Chile.

Ẹnìkan á wá sọ fún yín pé ó rọrùn láti San Pedro. Ẹ má gbọ́. Láti San Pedro, ẹ ó sun 2,400 lónìí, 4,300 lọ́la. Láti Uyuni, ẹ ti ń sun òkè fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ tó tẹ̀ lé òru líle yẹn lẹ ó sì já sí 2,400. Ọ̀nà kan náà, iyọ̀ kan náà.

Nọ́ọ̀sì_Ìlá

Kí n fi èyí kún un: tí àìsàn bá dé lóru ọjọ́ kejì, San Pedro ni ibi tó rẹlẹ̀ tó súnmọ́ jù, kì í ṣe Uyuni. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ó fi dára kí físà Chile wà lọ́wọ́, kódà fún ẹni tó bá fẹ́ yí po.

Mama_Put_Leeds

Sítóòfù kékeré: gáàsì ò wọ ọkọ̀ òfurufú, ní Cusco tàbí La Paz lẹ ó ti rà á. Ẹ wo ara agolo. Butane nìkan kì í jáde tí òtútù bá ti dé ìyókùrò díẹ̀. Èyí tó ní isobutane àti propane ni kẹ́ ẹ wá. Ní 3,800 mítà, bíi 87 ni omi ti ń hó, kò dé 100. Ẹ̀wà? Ẹ gbàgbé ẹ̀wà, ẹ máa jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú, eyín á ṣì gbọ́ ìró rẹ̀. Ìrẹsì á gba ìlọ́po àkókò. Núdù ń jiná, ọ̀dùnkún tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ náà ń jiná. Omi mímu tí ẹ bá sè, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, kì í ṣe kan.

Ìyẹn ló mú kí gààrí jẹ́ ọba níbẹ̀. Kò béèrè iná.

Tàfá_Bristol

Owó kíákíá: dọ́là tuntun tí kò ya, tí kò ní inki lára. Bolivia á dá èyí tó ya díẹ̀ padà. Látọdún 2023 ni dọ́là ti wọ́n níbẹ̀, iye báńkì àti iye ìgboro sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀, ohun tí ọmọ Nàìjíríà ò nílò àlàyé lé lórí. Ẹ bèèrè ní ibi mẹ́ta kẹ́ ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Ní Chile, ẹ tọ́jú ìwé pélébé tí wọ́n fún yín ní bọ́dà: pẹ̀lú rẹ̀ àti páásípọ́ọ̀tù, òtẹ́ẹ̀lì tó forúkọ sílẹ̀ fún un ò ní gba owó orí 19% lọ́wọ́ àlejò tó bá fi dọ́là tàbí káàdì ilẹ̀ òkèèrè san.

Plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti London àti Lagos ò wọ ibì kankan. Ẹlẹ́sẹ̀ yíyí méjì ló ń wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àbẹ̀kẹ́_SE15

Ẹ̀yin àgbà, a dúpẹ́ o. Ìkan ló kù: ṣé gààrí á wọ Chile? Àti tíì ewé coca tí gbogbo èèyàn ń mu fún òkè, ṣé a lè mú díẹ̀ bọ̀ wálé?

Tàfá_Bristol

Coca, rárá. Ó bófin mu ní Peru àti Bolivia, àmọ́ ẹ má gbé e kọjá ibẹ̀. Chile ò gbà á, Bìrìtìkó ò gbà á, kódà àpò tíì kan tẹ́ ẹ gbàgbé sí ẹ̀gbẹ́ báàgì lè di ẹjọ́. Ẹni tí wọ́n máa ń yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò níbi iṣẹ́ kó má tiẹ̀ mu ún rárá, torí ó ń hàn.

Ní Hito Cajón, àwọn SAG, iléeṣẹ́ ìjọba Chile lórí ohun ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn, ló ń yẹ báàgì wò: èso, oyin, wàrà, ẹran, hóró, igi. Fọ́ọ̀mù kan wà tí ẹ máa kọ. Tẹ́ ẹ bá ní ohunkóhun tó ti ara ewéko tàbí ẹran jáde, gààrí ńkọ́, òrí ńkọ́, *sí* (bẹ́ẹ̀ ni) ni kẹ́ ẹ mú. Ẹni tó mú *sí* kì í sanwó ìtanràn: wọ́n á wò ó, wọ́n á dá a padà tàbí kí wọ́n gbà á. Ẹni tó mú *no*, tí wọ́n wá rí ọsàn kan nínú báàgì rẹ̀, ló ń sanwó.

Mama_Put_Leeds

Ẹ mu gààrí tó bá kù ní Laguna Colorada lálẹ́ ọjọ́ kejì. Omi ibẹ̀ ti tutù tẹ́lẹ̀.